Nígbà tí mílíìkì kò bá bá ènìyàn àti ajá rẹ̀ lára mu

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Sùúrùlérè ni mo ń gbé. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ṣàkíyèsí pé bí mo bá fi mílíìkì mu ògì láàárọ̀, inú mi á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, á wú, kí n sì tó dé ibi iṣẹ́ mi ní Marina, mo ti ń wá ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹ̀wà àgànyìn náà ń ṣe mí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ti mílíìkì ló le jù. Ìyá ọkọ mi ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, pé kí n jáwọ́ nínú ohun dídùn, kí n sì máa mu àgbo. Ajá wa tí ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́ta máa ń lá ìyókù ògì mi, ó sì ń jẹ ìyókù ọbẹ̀ wa. Ìgbẹ́ òun náà kì í dì, ó máa ń fi ẹsẹ̀ họ etí, ó sì ń lá àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ṣáá. Ṣé àìsàn kan náà ló ń ṣe wá ni? Ṣé mo kó o lára rẹ̀ ni? Mo ń fún ọmọ mi olóṣù mẹ́jọ lọ́mú. Ṣé kò ní ran òun náà?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ẹ sì ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kọ ohun tí ẹ rí, nítorí bí ẹ ṣe to ọ̀rọ̀ náà ni ó jẹ́ kí n lè ya àwọn ohun tí ó dàpọ̀ mọ́ra sọ́tọ̀. Dókítà ẹranko ni mí. Lórí ara ènìyàn, ohun tí ìmọ̀ ìṣègùn ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni n óò sọ, dókítà tí ó bá yẹ̀ yín wò ni ó sì lè sọ èyí tí ó kù. Ní ṣókí, ó ṣeé ṣe gan-an kí ohun tí mílíìkì ń fi ojú yín rí jẹ́ ohun kan náà tí ó ń fi ojú ajá yín rí, ṣùgbọ́n etí tí ajá ń họ àti ẹsẹ̀ tí ó ń lá kò sí lára rẹ̀. Ohun mìíràn ló ń fa ìyẹn. Ẹ kò kó o lára ajá, ajá kò sì kó o lára yín. Ní ti ọmọ yín, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe já a lẹ́nu ọmú nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Màá padà sórí rẹ̀.

Nínú mílíìkì, ìbáà jẹ́ ti màlúù, ti ewúrẹ́ tàbí ti ènìyàn, ṣúgà kan wà tí a ń pè ní láktósì. Ṣúgà yìí tóbi ju ohun tí ìfun lè fà mu lọ. Ó di dandan kí a gé e sí méjì kí ó tó lè wọ inú ẹ̀jẹ̀, ohun tí ó sì ń gé e ni ẹ́ńsáìmù kan tí ń jẹ́ láktéèsì, tí awọ inú ìfun kékeré ń ṣe. Nígbà tí a bí wa, a ní i lọ́pọ̀lọpọ̀, nítorí pé ọmú nìkan ni oúnjẹ wa. Lẹ́yìn tí a bá ti já ọmọ lẹ́nu ọmú, ara a máa dín in kù díẹ̀díẹ̀, títí tí yóò fi ku táṣẹ́rẹ́ nígbà tí ènìyàn bá fi máa dàgbà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí lára ajá, lára ológbò, àní lára màlúù fúnra rẹ̀. Nínú àwọn àgbàlagbà gbogbo ayé, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ni ó wà ní ipò yìí, ó sì wọ́pọ̀ púpọ̀ láàárín àwa Yorùbá. Àwọn tí ẹ́ńsáìmù náà kì í dín kù lára wọn ni àwọn tí àwọn baba ńlá wọn ti fi mílíìkì ṣe oúnjẹ òòjọ́ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún: ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará àríwá Yúróòpù, àti nítòsí wa níhìn-ín, ọ̀pọ̀ nínú àwọn Fúlàní darandaran. Ní ọdún 2002 ni àwọn onímọ̀ ní Finland ṣe àwárí ìyípadà kékeré nínú àbùdá tí ó ń mú kí ẹ́ńsáìmù yìí máa ṣiṣẹ́ lọ títí di ọjọ́ ogbó. Ẹ rí i pé àwọn tí wọ́n lè mu mílíìkì bí wọ́n ṣe fẹ́ ni ìyípadà dé bá. Àwa tí inú wa ń kùn wà bí ẹ̀dá ṣe wà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Nítorí náà, ẹ má ṣe pe ara yín ní aláìsàn.

Láktósì tí a kò gé kì í dúró sójú kan. Yóò sọ̀kalẹ̀ lọ sínú ìfun ńlá, yóò sì máa fa omi mọ́ra bí ó ṣe ń lọ. Nígbà tí ó bá dé ibẹ̀, àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ń gbé inú ìfun wa yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́, wọn yóò sì máa tú afẹ́fẹ́ jáde, pàápàá háídrójìn àti káábọ́ńdáyọ́sáìdì. Omi yẹn àti afẹ́fẹ́ yẹn ló ń di inú kíkùn, inú wíwú àti ìgbẹ́ olómi. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí méjì lẹ́yìn tí a bá mu ún, ìyẹn ni pé ẹni tí ó mu ògì rẹ̀ ní Sùúrùlérè ní aago mẹ́fà àárọ̀ yóò ṣe kòńgẹ́ rẹ̀ nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ lórí Afárá Èkó gan-an, níbi tí kò ti sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kankan.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ni ó yẹ kí a gbé yẹ̀ wò dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ẹ́ńsáìmù wọn ti dín kù ni ó lè gba nǹkan bí gíráàmù 12 láktósì lẹ́ẹ̀kan náà láìsí wàhálà tí ó tó nǹkan, pàápàá bí wọ́n bá jẹ oúnjẹ mìíràn mọ́ ọn. Ẹ wá wo ọwọ́ yín nígbà tí ẹ bá ń bu mílíìkì lẹ́búlẹ́bú sórí ògì. Ṣíbí ìjẹun tí ó ga lórí bí òkìtì, tí ẹ kò gé orí rẹ̀, lè gba gíráàmù mẹ́wàá mílíìkì, ó sì ju ìdá mẹ́ta rẹ̀ lọ tí ó jẹ́ láktósì. Bí ẹ bá bu irú ṣíbí bẹ́ẹ̀ mẹ́rin, ẹ ti mu gíráàmù 14 láktósì, lórí òfìfo ikùn. Mílíìkì olómi inú agolo kò fẹ́ràn yín jù bẹ́ẹ̀ lọ: wọ́n ti sè é títí omi rẹ̀ fi dín kù, nítorí náà nǹkan bí gíráàmù 10 láktósì ni ó wà nínú gíráàmù 100 rẹ̀, ẹni tí ó bá sì da gbogbo agolo kékeré tí ó gba gíráàmù 160 sínú abọ́ rẹ̀ ti mu gíráàmù 16. Àwọn mílíìkì tí wọ́n yọ ọ̀rá rẹ̀, tí wọ́n fi òróró ewéko rọ́pò rẹ̀, tí owó wọn kéré lọ́jà, ní láktósì bíi ti èyí tó kù. Ògì ní tirẹ̀ kò ṣẹ̀ yín rárá. Àgbàdo tí a rẹ títí ó fi kan, tí a lọ̀, tí a sì sẹ́, wà lára ohun tí inú ènìyàn lè dà pẹ̀lú ìrọ̀rùn jù lọ.

Èyí ni ó fi jẹ́ pé n kò ní sọ fún yín pé kí ẹ kórìíra mílíìkì títí ayé. Ẹ bu ṣíbí kan péré tí ẹ gé orí rẹ̀, ẹ mu ògì náà pẹ̀lú àkàrà tàbí mọ́ínmọ́ín, ó sì ṣeé ṣe kí inú yín má tilẹ̀ mọ̀ pé mílíìkì wọlé. Yọ́gọ́ọ̀tì tí kòkòrò rẹ̀ ṣì wà láàyè máa ń rọrùn ju mílíìkì lọ, nítorí pé àwọn kòkòrò náà ti jẹ díẹ̀ nínú láktósì rẹ̀, wọ́n sì ń bá ìfun gé èyí tí ó kù. Wàrà tí àwọn obìnrin Fúlàní ń tà rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ: omi ewé bòmubòmu ni wọ́n fi ń mú kí mílíìkì náà dì, lẹ́yìn náà ni wọ́n á da á sínú apẹ̀rẹ̀ kí omi rẹ̀ lè ro dànù, omi tí ó ro náà ni ó sì kó èyí tí ó pọ̀ jù nínú láktósì lọ. Abiyamọ tí ń fún ọmọ lọ́mú nílò kálísíọ̀mù tí ó tó mílígíráàmù 1,000 lóòjọ́, nítorí náà bí ẹ bá dín mílíìkì kù, ẹ fi ẹja wẹ́wẹ́ tí a ń jẹ tegungun-tegungun, sadíìnì inú agolo, wàrà àti ẹ̀fọ́ tútù dípò rẹ̀.

Nípa ohun tí màmá sọ, kò jìnnà sí òtítọ́ tó bí ẹ ṣe lè rò. Ohun tí àwọn àgbà fi ojú ara wọn rí ni pé àwọn ohun dídùn kan wà tí wọ́n máa ń da inú rú, láktósì pàápàá sì jẹ́ ṣúgà, bí kò tilẹ̀ dùn púpọ̀ lẹ́nu. Àgbo ni mi ò lè fara mọ́. Èyí tí ó pọ̀ nínú àgbo jẹ̀díjẹ̀dí tí wọ́n ń tà ní ibùdókọ̀ máa ń mú kí ènìyàn yàgbẹ́, ẹni tí ìgbẹ́ rẹ̀ ti ń ṣàn tẹ́lẹ̀ kò sì nílò ohun tí yóò tún fa omi jáde lára rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ èyí tí a fi ọtí rẹ, tí kò yẹ abiyamọ. Mo tún fẹ́ kìlọ̀ nípa metronidazole, èyí tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Flagyl, tí àwa ará Èkó ti sọ di ohun tí a ń rà ní kẹ́míìsì nígbàkigbà tí inú bá ti kùn. Àwọn kòkòrò kan tí ń fa ìgbẹ́ gbuuru ni ó ń pa. Kò lè dá ẹ́ńsáìmù tí ó ti dín kù padà. Ó ń dùn mí nígbà tí mo bá gbọ́ pé ènìyàn ti ń lò ó lóṣooṣù fún ohun tí ṣíbí mílíìkì méjì ló fà á, ó sì ń dùn mí jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí wọ́n bá gé e sí méjì fún ajá.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀wà yàtọ̀ díẹ̀. Àwọn ṣúgà kan wà nínú rẹ̀, ráfínósì àti stákíósì, tí kò sí ènìyàn kan láyé tí ìfun kékeré rẹ̀ lè gé wọn, tí ajá náà kò sì lè gé wọn. Gbogbo wa ni a ń fi wọ́n sílẹ̀ fún àwọn kòkòrò inú ìfun ńlá. Ohun tí ó yàtọ̀ ni bí afẹ́fẹ́ náà ṣe ń ni ẹnì kọ̀ọ̀kan lára sí. Níhìn-ín, ọ̀nà tí a gbà sè é ṣe pàtàkì. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ ṣe mọ́ínmọ́ín, ẹ ó rẹ ẹ̀wà, ẹ ó bó èèpo rẹ̀, ẹ ó ṣàn án lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Omi tí ó ń hó yẹn tí ẹ dà sí gọ́tà ti gbé apá kan nínú àwọn ṣúgà náà lọ. Ẹ̀wà àgànyìn, ní tirẹ̀, a sábà máa ń sè é pẹ̀lú èèpo rẹ̀ títí yóò fi rọ̀ pátápátá, a kì í sì í sábà rẹ ẹ́ tẹ́lẹ̀, ata dídín tí ó kún fún òróró àti àlùbọ́sà yóò sì tún wá lórí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ àlùbọ́sà pẹ̀lú ní irú ṣúgà tirẹ̀ tí kì í dà. Bí ẹ bá fẹ́ máa jẹ ẹ̀wà, mo sì fẹ́ kí ẹ máa jẹ ẹ́, ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú, ẹ da omi náà nù, ẹ fi omi mìíràn sè é, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀nba. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó máa ń rí i pé afẹ́fẹ́ náà ń dín kù lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí wọ́n ti ń jẹ ẹ́ déédéé. Búrẹ́dì Àgége tí ẹ fi ń jẹ ẹ́ lè dá kún un díẹ̀, nítorí ohun tí ó wà nínú àlìkámà, ṣùgbọ́n n kò rí ohun tí ó mú mi fura sí búrẹ́dì nínú ohun tí ẹ kọ.

Báwo ni ẹ ṣe máa mọ̀ dájú pé mílíìkì ni? Àyẹ̀wò kan wà nílé ìwòsàn tí a ń fi èémí ṣe: wọn á fún ènìyàn ní omi tí a po láktósì mọ́, wọn á sì máa wọn háídrójìn inú èémí rẹ̀ fún wákàtí méjì sí mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ẹ lè kọ́kọ́ ṣe tiyín nílé. Ẹ yọwọ́ mílíìkì pátápátá fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ sì rántí èyí tí ó fara pamọ́ sínú áísìkiriìmù, kòkó mímu tí a ti po pọ̀, bísíkíìtì kan àti búrẹ́dì tí wọ́n pè ní onímílíìkì. Bí inú yín bá rọlẹ̀, ẹ mu kọ́ọ̀pù kan ní ọjọ́ tí ẹ kò ní jáde nílé, kí ẹ wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Ìdápadà yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ṣe, òun sì ni ẹ̀rí. Ẹni tí ó bá yọ mílíìkì, ẹ̀wà, búrẹ́dì àti ata kúrò lọ́jọ́ kan náà, tí ara rẹ̀ sì yá, kò tíì mọ èyí tí ó jẹ̀bi nínú wọn, ó sì lè máa fi ebi pa ara rẹ̀ lórí ohun mẹ́ta tí kò ṣe é ní nǹkan kan. Bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, bí ẹ bá ń rù láìmọ̀dí, bí ibà bá bá a rìn, tàbí bí ìgbẹ́ bá ń jí yín lóru, ẹ má ṣe dán ohunkóhun wò nílé. Ẹ lọ rí dókítà. Láktósì kì í ṣe irú èyí.

Kí n tó dé ọ̀dọ̀ ajá, ẹ jẹ́ kí n ya àléjì sọ́tọ̀, nítorí pé àwa ènìyàn ti ń fi orúkọ rẹ̀ pe gbogbo oúnjẹ tí kò bá wa lára mu. Nínú àìlèda mílíìkì, ohun tí a fi ń gé ṣúgà ni kò tó. Kò sí ìjà nínú rẹ̀, ìwọ̀n ló sì ń pinnu bí yóò ṣe le tó. Nínú àléjì, agbára tí ara fi ń dáàbò bo ara rẹ̀ ni ó ṣi oúnjẹ mú fún ọ̀tá, ìwọ̀nba kíún sì ti tó láti dá wàhálà sílẹ̀. Ẹni tí ẹ̀pà, edé tàbí ẹyin ń fa àléjì fún lè máa yọ ìlé lára, kí ètè àti ojú rẹ̀ wú, kí mímí di ìṣòro, nígbà mìíràn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ohun tí a ń dúró wò. Ilé ìwòsàn tí ó sún mọ́ jù lọ ni a ń gbé e lọ. Nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ nípa ara yín, kò sí èyí tí ó jọ ọ́. Lára ajá yín, ó ṣeé ṣe kó wà níbẹ̀.

Ajá kì í ṣe ìkookò mọ́. Ní ọdún 2013 ni àwọn onímọ̀ fi hàn pé àbùdá tí ó ń ṣe ẹ́ńsáìmù tí ń da iṣu àti àgbàdo, èyí tí ó jẹ́ ẹ̀dà méjì lára ìkookò, ti pọ̀ sí i lára ajá, láti ẹ̀dà mẹ́rin títí dé ọgbọ̀n. Láti ìgbà tí ajá ti ń gbé lẹ́bàá ààrò ènìyàn ni inú rẹ̀ ti ń kọ́ oúnjẹ ènìyàn. Ìdí nìyẹn tí ajá ìbílẹ̀ wa fi lè jẹ ẹ̀bà, ẹ̀kọ àti ìrẹsì tí a sè, kí ara rẹ̀ sì dá, níwọ̀n ìgbà tí ẹran tàbí ẹja tí ó tó bá wà pẹ̀lú rẹ̀. Ògì kò ṣe ajá yín ní nǹkan kan. Mílíìkì tí ó wà lórí rẹ̀ ni, ó sì yẹ kí ìgbẹ́ rẹ̀ dì láàárín ọjọ́ díẹ̀ bí ẹ bá dá a dúró. Bí kò bá dì, ẹ kó ìgbẹ́ rẹ̀ tútù sínú ike tí ó mọ́ lọ fún dókítà ẹranko kí ó lè wo aràn, nítorí pé aràn pọ̀ ní ilẹ̀ oníyanrìn tí ó máa ń tutù bíi ti Èkó, ó sì ń fa ìgbẹ́ rírọ̀ ju mílíìkì lọ.

Ìyókù ọbẹ̀ ni ó bà mí lẹ́rù jù nínú lẹ́tà yín. Àlùbọ́sà àti aáyù máa ń ba sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́, sísè kò sì mú agbára yẹn kúrò. Àlùbọ́sà tí ó tó gíráàmù 15 fún kílò kọ̀ọ̀kan ara ajá ti lè ṣe é ní jàǹbá. Fún ajá oníkílò 15, ìyẹn jẹ́ nǹkan bí àlùbọ́sà méjì tí ó mọ níwọ̀n. Lóòótọ́, ṣíbí ọbẹ̀ kan kò tó o, ṣùgbọ́n èyí tí ó ń jẹ díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ lè ṣe ìpalára bákan náà, ìpalára náà kì í sì í hàn lọ́jọ́ tí ó jẹ ẹ́. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan ni ajá yóò wá rẹ̀, tí ìtọ̀ rẹ̀ yóò pọ́n dúdú, tí èrìgì rẹ̀ yóò sì funfun. Ẹ gbé ètè ajá yín sókè lónìí kí ẹ wo èrìgì náà: ó yẹ kí ó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, kí ó máa dán, kí àwọ̀ náà sì padà láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjì bí ẹ bá fi ìka tẹ̀ ẹ́. Bí ó bá funfun, ẹ má ṣe jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú kí ẹ tó gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Egungun adìyẹ tí a ti sè máa ń fọ́ sí ṣóńṣó, ó sì lè gún ìfun. Ọ̀rá ẹran lọ́pọ̀lọpọ̀ lẹ́yìn ọdún Iléyá tàbí Kérésìmesì a máa fa inú rírun líle àti èébì. Ṣokoléètì, èso àjàrà gbígbẹ, àti ṣingọ́ọ̀mù tí wọ́n fi xylitol, ohun adùn tí a fi ń rọ́pò ṣúgà, ṣe, májèlé ni gbogbo wọn fún ajá. Obì pẹ̀lú, nítorí káfíìnì inú rẹ̀. Ẹ̀pà tàbí àgbàdo tí ó ti bu, tí ènìyàn á ní kí a má jù ú nù, kí a fún ajá, lè ba ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́, nítorí pé ajá kò lè fara da májèlé èbu náà rárá.

Ó wá ku etí àti àtẹ́lẹsẹ̀. Ẹ mú ajá náà jókòó síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ẹ ṣí etí rẹ̀ sẹ́yìn. Bí ẹ bá rí ìdọ̀tí pupa rúsúrúsú tí ó ń yọ̀, tí ó ń rùn bí ohun tí ó kan, tí awọ ibẹ̀ sì nípọn, a jẹ́ pé etí náà ti ní àkóràn, èyí tí ọ̀rinrin Èkó máa ń gbà láyè. Ẹ wo irun àárín àwọn ọmọ ìka rẹ̀: itọ́ máa ń pa irun funfun láró di pupa bí ìpẹtà, ibi tí ó bá ti pọ́n bẹ́ẹ̀ sì ni ó ti ń lá fún ìgbà pípẹ́. Ṣùgbọ́n ìyún lára ajá kò sábà ti ọwọ́ oúnjẹ wá. Eégbọn, kòkòrò tí ń gbé inú awọ, eruku ilé àti koríko ló kọ́kọ́ yẹ kí a fura sí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí dókítà tọ́jú etí náà, kí ẹ sì ti eégbọn kúrò ná.

Bí ìyún bá ṣì wà lẹ́yìn gbogbo èyí, a lè wá bi oúnjẹ léèrè. Lára ajá, ohun tí àwọn onímọ̀ sábà ń rí pé ó ń fa àléjì ni ẹran màlúù, mílíìkì, ẹran adìyẹ àti àlìkámà, ìyẹn ni pé ohun tí ajá ń jẹ lójoojúmọ́ ni, kì í ṣe ohun àjèjì. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tàbí ti itọ́ tí wọ́n ń tà fún un kò ṣeé gbára lé. N kò rò pé ó yẹ kí ẹ náwó sí i. Ohun tí ó ṣeé gbára lé ni kí a fún ajá ní ẹran kan ṣoṣo tí kò jẹ rí, pẹ̀lú iṣu tàbí ọ̀dùnkún, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ gbáko, láìsí iyọ̀ púpọ̀, láìsí àlùbọ́sà, láìsí mágì. Ẹran ehoro dára fún èyí. Ẹran ewúrẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ dára, nítorí pé ó sún mọ́ ti màlúù, ara sì lè ṣì í mú. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, a ó dá ẹran àtijọ́ padà. Bí ìyún bá tún bẹ̀rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, a ti rí i. Ẹ má ṣe ju ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ yẹn lọ lórí irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ láìbá dókítà ẹranko sọ̀rọ̀, nítorí kò ní kálísíọ̀mù tí ó tó. Oúnjẹ ajá inú àpò kò rọrùn fún ìdánwò yìí, torí pé a lè kọ ẹran àgùntàn sára àpò kí adìyẹ sì wà nínú rẹ̀. Mo sì bẹ̀ yín, ẹ bá mégáádì àti àwọn ọmọ ilé sọ̀rọ̀. Mo ti rí ìdánwò tí ó dára tí egungun kan láti ẹnu géètì bà jẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kẹfà.

Ẹ béèrè bóyá ẹ kó o lára rẹ̀. Àìlèda oúnjẹ kì í ràn, àléjì náà kì í ràn. Lára àwọn ohun tí ó lè ti inú ìfun ajá dé ọ̀dọ̀ ènìyàn ni aràn kan àti àwọn kòkòrò bíi Salmonella àti Giardia, nítorí náà ẹ máa fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá kó ìgbẹ́ rẹ̀, ẹ máa fún un ní oògùn aràn lásìkò, kí ẹ má sì jẹ́ kí ó máa lá abọ́ tí ọmọ ń lò.

Ọmọ yín wá ńkọ́? Ọmú ìyá ní láktósì ju mílíìkì màlúù lọ, nǹkan bí gíráàmù 7 nínú gíráàmù 100, nígbà tí ti màlúù kò pé 5, ọmọ olóṣù mẹ́jọ sì ní ẹ́ńsáìmù tí ó tó o dáadáa. Ọmọ tí a bí láìní i rárá ṣọ̀wọ́n gidigidi, ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn ìbí ni wàhálà rẹ̀ sì ti máa ń hàn. Mílíìkì tí ẹ bá mu kò fi láktósì kún ọmú yín, bẹ́ẹ̀ ni bí ẹ bá dá a dúró kò ní dín in kù. Ara yín ló ń ṣe é fúnra rẹ̀. Bí ẹ́ńsáìmù rẹ̀ yóò bá dín kù bíi tiyín, yóò di lẹ́yìn tí ó bá ti kúrò lẹ́nu ọmú, díẹ̀díẹ̀, fún ọdún púpọ̀. Ohun tí ó sábà máa ń mú kí ó dín kù kí àsìkò tó tó ni ìgbẹ́ gbuuru líle tí ó bó awọ ìfun rẹ̀, ìyẹn sì máa ń padà bọ̀ sípò lẹ́yìn ọjọ́ tàbí ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, ẹ má ṣe gba ọmú lẹ́nu rẹ̀: ẹ máa fún un lọ́mú nìṣó, ẹ fi omi iyọ̀ òun ṣúgà tí a ń rà nínú ọ̀rá kún un, kí ẹ sì béèrè oògùn zinc ní ilé ìtọ́jú, mílígíráàmù 20 lóòjọ́ fún ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá, nítorí pé ó ti ju oṣù mẹ́fà lọ. Bí ojú rẹ̀ bá jìn wọlé, bí kò bá tọ̀ fún wákàtí mẹ́fà, bí kò bá lè mu ọmú, tàbí bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ rẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní wàrà-n-ṣeṣà, ìbáà jẹ́ òru.